Àṣá Inú Ìkòkò Òdòdó

Kí n tètè sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ tó gùn: èmi kì í ṣe àjẹ́. Mo máa ń wo ẹyẹ ni. Mo ti ń wò wọ́n kí n tó dé Johannesburg, mo wò wọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo fi gbé ibẹ̀, mo sì ń wò wọ́n títí di òní. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ wo tẹlifíṣọ̀n.

Nílé wa ní Iléṣà, kò sẹ́ni tó ń jókòó wo ẹyẹ lásán. Bí àgbàlagbà bá gbójú sókè wo ẹyẹ, yálà ó ń ronú ọbẹ̀, tàbí àṣá ló fẹ́ gbé òròmọdìẹ rẹ̀ lọ. Àwa ọmọdé nìkan la láyè láti bá ẹyẹ ṣeré. Bí lékèélékèé bá ń kọjá lọ lójú ọ̀run nírọ̀lẹ́, a ó máa ju ọwọ́ sí wọn, a ó máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún wa ní funfun díẹ̀ sórí èékánná. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí a rí àmì funfun kékeré kan níbẹ̀, a gbà pé wọ́n ti dá wa lóhùn nìyẹn. Ẹgbẹ́ mi dàgbà, wọ́n pa eré náà tì. Èmi ò pa á tì. Mo jáwọ́ nínú títọrọ, mi ò jáwọ́ nínú wíwò.

A dé Johannesburg ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti ń wó, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ti fi ṣe ìwà kò tíì gbọ́ pé ó ń wó. Dókítà ni ọkọ mi, ó ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Èmi ń ṣírò owó ní ọ́fíìsì kan ní Randburg. Hillbrow la gbé, ní àjà kẹrìnlá ilé gogoro kan tí lífítì rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá wù ú. Láti bákónì wa, ẹni tó bá lójú yóò ríran títí dé ibi àwọn òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n hú jáde nígbà tí wọ́n ń wa wúrà.

Ọjà ọjọ́ Àìkú ní Bruma ni mo ti ra bainókúlà mi, awò tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ ojú. Àlòkù ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti họ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́. Adágún omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà náà. Bí a bá ti jáde nínú ìsìn, ọkọ mi á lọ sùn, èmi á wọ tákísì lọ sí Bruma. Màá jókòó sórí bẹ́ǹṣì létí omi, màá máa wo pẹ́pẹ́yẹ igbó, lékèélékèé, àti ẹyẹ dúdú kan tó máa ń rì sínú omi, tí á wá jáde, tí á na apá rẹ̀ méjèèjì sóòrùn bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jókòó síbẹ̀, òyìnbó obìnrin kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn dúró síwájú mi.

"Ọmọ ta lò ń bá wọn tọ́jú?" ó bi mí lédè òyìnbó, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Mo ní, "Mi ò bá ẹnì kankan tọ́jú ọmọ. Ẹyẹ ni mò ń wò."

"Ta ló ni awò yẹn?"

"Ẹni tó gbé e kọ́rùn ló ni ín."

Ẹ̀rín náà lọ. Kò pẹ́ tí ẹ̀ṣọ́ kan fi dé, ọmọ ilẹ̀ náà, ó ní wọ́n fẹjọ́ sùn pé ẹnì kan ń fi awò yọjú wo ilé onílé. Ó tú báàgì mi, ó rí Bíbélì, ìwé orin àti ọsàn méjì. "Eish, sisi," ó ní, ojú ń tì í, "they say I must check." Mo ní kó jókòó. Mo gbé awò sí i lójú, mo fi ẹyẹ dúdú náà hàn án. Ó wò ó títí, ó ní, "Shap," ìyẹn ni pé ó dára, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo ti fẹ́ máa lọ sílé tẹ́lẹ̀ nítorí òtútù, ṣùgbọ́n nítorí obìnrin alájá yẹn, mo jókòó títí oòrùn fi wọ̀. Ìyẹn ti kúrò ní wíwo ẹyẹ, agídí ni. Mo fẹ́ràn méjèèjì.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará ilé wá gbé tiwọn dé, ọ̀rọ̀ náà ò ṣàjèjì sí mi. Òyìnbó rò pé olè ni mí, àwọn ará ilé rò pé àjẹ́ ni mí. Nínú méjèèjì, ti olè ló rọrùn: wọ́n á tú báàgì rẹ, wọ́n á sì fi ọ́ sílẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ọmọ níbí, torí láìsọ ọ́, ìyókù ò ní yé yín. A ti ṣègbéyàwó tipẹ́, a ò bímọ. Kí a tó kúrò nílé la ti lọ ṣe àyẹ̀wò, ọkọ mi gan-an ló sì sọ èsì rẹ̀ fún mi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìṣòro náà wà, kò sì sí oògùn rẹ̀. Ó sunkún lọ́jọ́ náà bí ọmọ tí wọ́n nà. Ó bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, mo sì ṣèlérí fún un. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ìlérí ò sì ṣòro fún mi láti ṣe nígbà náà. Ohun tí mi ò rò ni pé bí ọkùnrin bá dákẹ́ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, ìyàwó rẹ̀ laráyé á máa bi. Gbogbo ibi tí a bá dé, ikùn mi ni wọ́n ń gbọ́wọ́ lé gbàdúrà. Èmi á ní àmín. Òun náà á ní àmín, tirẹ̀ sì máa ń dún ju tèmi lọ.

Ẹni tó ń gbọ́wọ́ lé e jù ni Màmá. Bí gbogbo àwa ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Hillbrow ṣe ń pè é nìyẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ń ta aṣọ àti irun àtáṣímẹ́ǹtì nítòsí róbọ́ọ̀tì, bí wọ́n ṣe ń pe iná ojú títì níbẹ̀. Òun ló dàgbà jù nínú wa, òun ló sì ti débẹ̀ ṣáájú. Bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé tí o ò mọ ibi tí o máa sùn, Màmá ló máa wá yàrá fún ọ. Bí ara rẹ ò bá yá, Màmá ló máa gbé ọbẹ̀ ata dé. Nítorí náà kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé, kò sì sí ìkòkò tàbí agolo tí kò lè ṣí nílé ìdáná ẹnikẹ́ni. Ìyá wa ni, a kì í bínú sí i. Òun àti ẹnjiníà kan tó jẹ́ olùdarí wa ló dá ìpàdé àdúrà wa sílẹ̀, èyí tó ń yí láti ilé dé ilé ní ọ̀sán Sátidé.

Ìparí ìgbà òtútù ni àwọn àṣá dé. Méjì ni wọ́n, takọtabo, irú àṣá kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ pupa bí ilẹ̀ Iléṣà, tó ní tótòtó dúdú. Ìkòkò amọ̀ gígùn kan wà ní bákónì wa tí òdòdó inú rẹ̀ ti kú. Èyí abo wọ inú rẹ̀, ó fi àyà lú iyẹ̀pẹ̀ náà títí ó fi jin kòtò, ó sì yé ẹyin mẹ́rin sí i. Mo ti ilẹ̀kùn bákónì pa, mo ṣí kọ́tìnì díẹ̀, mo gbé àga síwájú gíláàsì. Irú ohun tí àwọn òyìnbó ń wakọ̀ lọ sọ́nà jíjìn kí wọ́n tó rí, ó wá bá mi nílé.

Kì í ṣe pé mi ò mọ ohun tí àṣá jẹ́. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà mi ni mo gbé nígbà èwe, ó sì ń sin adìyẹ. Bí àṣá bá yọ lójú ọ̀run, gbogbo agboolé á pariwo, a ó máa lu agolo, a ó máa ju òkò. Bí ìyá àgbà bá gbọ́ pé mo gba àṣá sílé, tí mo tún ń fi aṣọ ṣíji bò ó kí oòrùn má baà pa á, yóò ní wọ́n ti pààrọ̀ mi lókè òkun. Ṣùgbọ́n ta ló ń sin adìyẹ ní Hillbrow? Èkúté ló kún ibẹ̀, àwọn àṣá yìí sì ń kó wọn bí ẹni ń ṣa àgbálùmọ̀ lábẹ́ igi. Àwọn àgbà ní àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Àwọn tèmi mọ̀. Wọ́n á yí ojú dúdú yẹn sí mi, wọ́n á wò mí, wọ́n á sì padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Nǹkan kan wà tí ẹni tí kì í wo ẹyẹ kì í mọ̀. Tirun-teegun ni àṣá ń gbé èkúté mì. Ẹran rẹ̀ á dà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n irun àti egungun kì í dà. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á di róbótó, á sì pọ̀ wọ́n jáde lẹ́nu. Bí ó bá gbẹ, kì í rùn. Mò ń ṣà wọ́n ní bákónì nígbà tí ìyá àṣá bá fò lọ, mò ń kó wọn sínú agolo wàrà kan nílé ìdáná. Bí àyè bá yọ, màá fi abẹ́rẹ́ tú wọn lórí ìwé ìròyìn: agbárí èkúté, eyín rẹ̀, apá tata, ẹsẹ̀ alángbá. Mo mọ ohun tí ìdílé yẹn jẹ lánàá. Ọkọ mi ní ìwà náà ń kọ òun lóminú. Mo ní kí òun tó ń la ikùn ènìyàn níbi iṣẹ́ má bá mi sọ ìyẹn.

Ẹyin kan ò pa. Mẹ́ta tó kù pa, wọ́n funfun bí òwú, gbogbo ara wọn kìkì ẹnu.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Màmá yà sọ́dọ̀ mi. Mò ń din dòdò. Ó ní òun ò fẹ́ oúnjẹ, tíì ni òun máa mu. Kí n tó yíjú, ó ti nawọ́ mú agolo wàrà, ó sì ti ṣí i.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

Agolo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sì dà sílẹ̀. Ẹ bá mi fi ojú Màmá wò ó: nílé obìnrin tí kò bímọ, nínú agolo tí wọ́n dé pa, ohun róbótó-róbótó tí irun bò, tí egungun wẹ́wẹ́ yọrí lára rẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa rí i tí kò ní pè é ní oògùn.

"Ta ló di èyí fún ọ?" ó ní. Ó ti fẹ̀yìn ti ògiri.

"Kò sẹ́ni tó dì í, mà. Ẹyẹ ló pọ̀ ọ́."

Mo rò pé òtítọ́ á fi í lọ́kàn balẹ̀. Ńṣe ló burú sí i. "Ẹyẹ wo?" Mo mú un lọ sídìí gíláàsì, mo fa kọ́tìnì. Ìyá àṣá dúró létí ìkòkò, ó fẹsẹ̀ tẹ èkúté mọ́lẹ̀, ó ń ya á fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo Màmá. Màmá di orí mú.

"Ìyàwó," ó ní jẹ́jẹ́, "ẹyẹ tó ń jẹ ẹran tútù ń bímọ, ó ń tọ́mọ, nínú ilé tìrẹ. Ìwọ ò bí. O tún ń fi kọ́tìnì bò ó. Tìrẹ ló ń jẹ, ọmọ mi. Tìrẹ ló ń jẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun, mi ò ní purọ́. Èsì tó máa pa á lẹ́nu mọ́ wà lórí ahọ́n mi, mo sì gbé e mì nítorí ìlérí. Màmá ò dúró mu tíì.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Hillbrow ti gbọ́. Obìnrin tó máa ń bá mi ṣe irun ní ọwọ́ òun dí, bẹ́ẹ̀ ó jókòó lóun nìkan, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ìyàwó oníṣòwò kan tí a jọ máa ń wọ tákísì dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ há ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Mo kí i sókè ketekete, mo bi í léèrè ara àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní wọ́n wà, ó sì gbé ọwọ́ lé ikùn. Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ibi tí mo ti máa bọ́ sílẹ̀.

Ọkọ mi náà gbọ́ níbi iṣẹ́.

"Ṣé o ò lè gbé nǹkan yẹn kúrò ni?" ó ní. "Ẹyẹ lásánlàsàn."

"Wọn ò tíì hu ìyẹ́. Bí a bá gbé wọn, wọ́n á kú."

"Wọ́n ń ba orúkọ wa jẹ́."

"Orúkọ ta?"

Ó gbé ìwé ìròyìn bojú. Nígbà tó yá, ó ní ilé wa ni àdúrà kàn ní Sátidé, pé Màmá àti ẹnjiníà ní àwọn á bá wa tún ilé ṣe. Mo mọ irú títún ilé ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn bákónì, mo sì so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ etí ìró mi.

Wọ́n wá ní Sátidé, wọ́n sì pọ̀. Òmíràn nínú wọn kì í wá sí àdúrà rárá, ìran ló wá wò. Ẹnjiníà gbé òróró, Màmá gbé ìgbálẹ̀ tuntun pẹ̀lú àpò náílọ́ọ̀nù dúdú. Mo kúnlẹ̀ kí Màmá bó ṣe yẹ. Mo gbé júùsì àti bisikíìtì síwájú gbogbo wọn, torí ẹ̀kọ́ ilé ò ní kí a má fún àlejò lómi nítorí pé ìjà ló bá wá. Púpọ̀ nínú wọn ò fọwọ́ kàn án.

Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, ẹ̀jẹ̀ Jésù dà sórí gbogbo igun yàrá náà. Bí wọ́n ti sinmi ẹnu, mo tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì. Mo mú ọ̀kan nínú àwọn róbótó náà, mo fi abẹ́rẹ́ tú u lójú wọn.

"Ẹ súnmọ́ ibí," mo ní. "Agbárí èkúté rèé. Eyín rẹ̀ rèé. Apá tata nìyí. Ẹyẹ ló jẹ ẹ́, ẹyẹ ló pọ̀ ọ́. Ta ló fẹ́ tú èyí tó kù?"

Ẹnjiníà tẹ̀ síwájú. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún gbé e wọ̀. "Ehn? Lójoojúmọ́ ló ń pọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀?" ó ní. "Egungun yẹn ò sì ní gún un lọ́fun?" Ó ti fẹ́ gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi. Màmá wúkọ́, ẹnjiníà sì rántí ohun tó bá wá.

"Sístà, a ti gbọ́," ó ní, ó na ara rẹ̀ ró. "Even if na so, ẹ̀mí òkùnkùn ò mọ sáyẹ́ǹsì. A fẹ́ràn yín, ìdí tí a fi wà níbí nìyẹn. Ẹ yan ọ̀kan lónìí: ẹyẹ tàbí ọmọ."

"Ta ló sọ fún yín pé ẹyẹ ló dínà mọ́ ọmọ?"

"Sístà, má bá mi jiyàn."

"Mo ń bá yín jiyàn, sà. Inú ilé mi ni a wà."

Ariwo sọ. Màmá ní kí wọ́n má dá mi lóhùn, pé kì í ṣe èmi ló ń sọ̀rọ̀. Ẹnjiníà wá yíjú sí ọkọ mi, tó ti jókòó sí igun yàrá láti ìbẹ̀rẹ̀ bí àlejò. "Dókítà, ẹ̀yin ni olórí ilé. Ẹ ṣe ohun tó yẹ."

Ọkọ mi dìde. Ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ Màmá. Kò wo ojú mi. Mo fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn bákónì, mo sì ń gbọ́ igbe àwọn ọmọ àṣá lẹ́yìn mi. Ìyá wọn ti gbé oúnjẹ dé, wọ́n ń jà sí i. Wọn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn là ń sọ. Ọkọ mi dúró síwájú mi, ó na ọwọ́ láti gba kọ́kọ́rọ́.

Mi ò pariwo. Mo ní, "Bí o bá ṣí ilẹ̀kùn yìí, èmi náà á la ẹnu mi."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan.

"Ẹ gbọ́ o!" Màmá ké. "Ẹ gbọ́ ohun tó sọ! Ó fẹ́ ṣépè fún ọkọ rẹ̀!"

Bí wọ́n ṣe tú ká nìyẹn. Òmíràn da aṣọ borí ọmọ rẹ̀, òmíràn gbàgbé bàtà. Wọn ò dúró de lífítì, àtẹ̀gùn ni wọ́n gbà láti àjà kẹrìnlá. Ẹnjiníà gé àdúrà oore-ọ̀fẹ́ sí méjì, ó sọ ìdajì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Láàárín gbogbo wọn, ẹni kan ṣoṣo ló mọ ohun tí mo ní lọ́kàn, òun náà sì ń wo ilẹ̀. Ó mọ̀ pé kò sí èpè kankan lẹ́nu mi. Ó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó sì jẹ́ kí wọ́n máa sáré lọ.

Pé wọ́n pè mí ní àjẹ́, mo lè gbé e. Ẹnu wọn ni wọ́n fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n pé ó gbọ́ tí wọ́n ń pè mí bẹ́ẹ̀, tó jókòó, tó gbé ìgbálẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, tó sì ń mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ewu fò dá, ìyẹn bí mi nínú ju ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni ti ṣe fún mi rí lọ. Mo ń kó ife júùsì kúrò nílẹ̀.

"O ṣeun," ó ní.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," mo ní. "Mo ṣèlérí fún ọ, mi ò sì tíì yẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọmọ ẹyẹ tó kẹ́yìn bá fò níbí, ìlérí yẹn bá a lọ. Èmi ò ru ẹrù ẹlẹ́rù mọ́. O lè sọ ọ́ fúnra rẹ, tàbí kí n sọ ọ́."

"Ṣé nítorí ẹyẹ ni?"

"Nítorí tèmi ni."

Láti ọjọ́ náà, ọkọ mi di ẹni tó ń wo ẹyẹ. Ìgbà tí mo bá jí láàárọ̀, á ti wà nídìí gíláàsì pẹ̀lú tíì rẹ̀. Ó ń rí i bí òwú ṣe ń kúrò lára wọn, tí ìyẹ́ pupa ń bọ́ sípò rẹ̀. Ó ń rí i bí wọ́n ṣe ń dìde nínú ìkòkò, tí wọ́n ń gbọn apá, tí wọ́n tún ń jókòó. Ẹni kankan ò wá kí wa. Lọ́jọ́ kan ó bi mí bóyá gbogbo wọn máa ń fò, àbí èyí tí kò lè fò máa ń wà. Mo ní gbogbo wọn máa ń fò. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Ọmọ àkọ́kọ́ lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí a wà níbi iṣẹ́. Èkejì lọ lójú wa, ó kọsẹ̀ lójú ọ̀run, ó já wálẹ̀ díẹ̀, ó wá gbé ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta ò lọ. Á gun irin bákónì, á na apá, á wo títì nísàlẹ̀, á sì padà sínú ìkòkò. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ń pè é láti orí òrùlé ilé kejì pẹ̀lú èkúté lẹ́sẹ̀, kò dá wọn lóhùn. Ọkọ mi ní bóyá kí á bu omi fún un. Mo ní kó fi í sílẹ̀.

Sátidé ni, ìjì sì ti ń jà láti àárọ̀. Ó tún gun irin náà. Ìjì bọ́ sábẹ́ ìrù rẹ̀ kó tó múra tán, ó sì gbé e. Àwòdì tí ń re Ìbarà, tí ẹ̀fúùfù ta nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó yí apá rẹ̀ kan, ó bá ìjì náà lọ kọjá òrùlé ilé kejì, kọjá ilé gogoro tó tẹ̀ lé e, títí mi ò fi rí i mọ́. Inú mi dùn, mo pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo yíjú, ọkọ mi ti lọ wọ aṣọ.

Ilé Màmá ni àdúrà wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó pè wá. A fi ẹsẹ̀ rìn lọ, kò sí ju òpópónà díẹ̀ lọ. Nígbà tí a wọlé, orin ò dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ó tinrin. Àwọn tó wà lórí àga gígùn sún títí wọ́n fi fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo jókòó sí i, mo na ẹsẹ̀. Àyè fẹ̀.

Nígbà tó kan ẹ̀rí jíjẹ́, ẹnjiníà bèèrè ta ni Olúwa ti ṣe lóore. Mo gbé ọwọ́ lé orúnkún láti dìde. Ọkọ mi ti dìde kí n tó dìde.

"Mo fẹ́ jẹ́rìí," ó ní. Ó di ẹ̀yìn àga iwájú rẹ̀ mú. Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Ìyàwó mi ò ní nǹkan kan lára. Ara mi ló wà. A ti mọ̀ kí a tó kúrò ní Nàìjíríà. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ. Gbogbo ohun tí ẹ ti ń pè é, mo ń gbọ́ ọ, mo sì dákẹ́." Ó dúró bí ẹni pé nǹkan ṣì kù. Lẹ́yìn náà ó jókòó.

Kò sẹ́ni tó pariwo Halelúyà. Ẹnjiníà ń ṣí ìwé orin, ó ń dé e. Ó dá orin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohùn rẹ̀ dáadáa, a kọ ọ́ ní wúruwùru títí ó fi parí.

Nígbà tí wọ́n ń pín ìrẹsì, Màmá wá bá mi. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Omi ti kún ojú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀tàn.

"Ọmọ mi," ó ní, "má bínú."

"Mo ń bínú, mà," mo ní. "Ẹ jẹ́ kí n bínú títí á fi tẹ́ mi lọ́rùn."

Ó fi ọwọ́ mi kan sílẹ̀, ó di èkejì mú. Ó jókòó sí ìdajì àga tí wọ́n sá fún mi, ó gbé àwo ìrẹsì mi lé itan ara rẹ̀ kó má baà dà, ó sì ń dúró dè mí.